Péèjì Koríko Bàbá Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ yín ní Chile? Ẹ má bínú o, mo kàn ń béèrè ni. Èmi ní tèmi, wọ́n mọ̀ mí dáadáa níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń wúkọ́ tí atẹ́gùn oṣù kẹjọ bá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ní Troyeville, àdúgbò wa ní Johannesburg, tí mo sì délé sọ pé ajá ló tì mí. Wọ́n mọ ohun tí mo gbà nínú ìṣirò ní gíréèdì kẹsàn-án, èyí tí àǹtí mi tó wà ní Hillbrow gan-an kò mọ̀ títí dòní. Bẹ́ẹ̀, mi ò dé Chile rí. Cape Town lásán, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀, mo bì nínú bọ́ọ̀sì lọ, mo bì nínú bọ́ọ̀sì bọ̀.

Ọdún tó kọjá ni mo wá mọ̀ pé wọ́n mọ̀ mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò mátíríìkì, èyí tí a fi ń jáde sẹ́kọ́ńdírì, nígbà náà, mo ń dúró de èsì. Iṣẹ́ ìdúró yẹn ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo tíì ṣe tọkàntọkàn láyé mi. Mo ń dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró lórí àga, mo sì máa ń lọ ṣí fíríìjì kí n lè dúró níwájú rẹ̀ náà, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé èsì ìdánwò sí.

Bàbá mi máa ń kọ́ni ní yunifásítì. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ilẹ̀ títà o, yẹ̀pẹ̀ ni mò ń wí, èyí tí koríko ń hù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Johannesburg á ti rí àwọn òkìtì ràgàjì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lápá gúúsù ìlú. Ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde nínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wa góòlù ni. Wọ́n kó góòlù lọ, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Tí òtútù bá fẹ́ parí tí atẹ́gùn bá dé, eruku rẹ̀ á wọ ilé, á wọ búrẹ́dì, á wọ imú. Koríko tó lè hù lórí òkìtì yẹn, kó di yẹ̀pẹ̀ náà mú kó má lè fò mọ́, ni bàbá mi ń wá. Wọ́n ti ń wá a láti kékeré mi. Èmi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé koríko ni bàbá mi fẹ́ràn jù láyé, pé tí mo bá jẹ́ màlúù ni, à bá ti mọwọ́ ara wa.

Àwọn tó ni ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà gbà kí wọ́n máa lo apá kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá yẹn, wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ tún yẹ̀pẹ̀ náà fọ̀, bóyá góòlù ṣì ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Tí wọn ò bá ti rí koríko tó dúró dáadáa níbẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì fún Kérésìmesì, kí bàbá mi kó páìpù àti okùn wọn kúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú bàbá mi tún dá wàhálà sílẹ̀. Awọ funfun ti bò ó, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ní wọn ò gbọdọ̀ wo kọ̀ǹpútà, wọn ò sì gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mọ́mì mi, tí wọ́n jẹ́ akáńtáǹtì ní Sandton, ń wá bàtà kan lọ́wọ́ kí wọ́n má baà pàdánù ọkọ̀ ojú irin, wọ́n bá rí mi níwájú fíríìjì.

“Ìwọ tó o ti sọ fíríìjì di ọ́fíìsì yìí, iṣẹ́ ti dé o. Ojú rẹ méjèèjì ṣì ń ríran, àbí?”

“Wọ́n ń ríran, Mọ́mì.”

“Ó dáa. Wàá máa yá dádì rẹ lò wọ́n.”

Bí mo ṣe di akọ̀wé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, láìsí ìwé ẹ̀rí kankan, láìjẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.

Péèjì kan wà lórí ayélujára tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí ìwakùsà ti bà jẹ́ jọ máa ń lò. Àwọn kan wà ní Chile, àwọn kan ní Poland, àwọn kan ní ibi tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Péèjì náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá wù lè wọlé, kó ka ohun tó bá wù ú, kó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Gbogbo nǹkan ni bàbá mi máa ń gbé sí i: fọ́tò koríko, bí òjò ṣe rọ̀ tó, bí omi inú ilẹ̀ ṣe kan bíi ọtí kíkan tó. Tiwọn kì í sì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, nígbà tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni. Koríko tó bá kú, wọ́n á gbé e síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àṣìṣe gbìn, wọ́n á gbé e síbẹ̀. Lójú tèmi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn sá pátá tó ti ya síwájú ilé.

“Dádì, tí wọ́n bá jí iṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Kí ni wọ́n fẹ́ jí níbẹ̀? Koríko tó kú?”

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé orúkọ gan-an ni wọ́n ń pe bàbá mi níbẹ̀. Kò sí Dókítà, kò sí sà, orúkọ lásán bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ níta. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn, ẹ̀rín ni bàbá mi ń rín. Wọ́n ní àwọn yẹn ò ṣáà rí irun funfun àwọn láti ibẹ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí koríko hù. Èmi ni mo wá ń bọ̀wọ̀ fún wọn lórúkọ gbogbo ilé. Obìnrin tó wà ní Chile, mo sọ ọ́ ní Àǹtí Chile. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn láti Poland, mo sọ ọ́ ní Bọ̀dá Poland. Orúkọ rẹ̀ gan-an, lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé kíbọ́ọ̀dù.

Àmọ́ ohun tó fẹ́ pa mí ni ìkíni. Ẹ wò ó, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni mo rò pé mo wá ṣe. Bàbá mi á jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú ike tí wọ́n fi bo ojú, wọ́n á gbé orí sẹ́yìn.

“Kọ ọ́ pé, ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Dádì, ‘Hi all’ ti tó wọn.”

“Kọ ohun tí mo sọ. Bi Chile pé báwo ni ara màmá wọn, ṣé wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Bi Poland pé ṣé yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, kó máa wọ súẹ́tà.”

“Koríko ńkọ́?”

“Koríko ń bọ̀. Ṣé iná ń jó ọ ni?”

Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ní èdè òyìnbó, mo máa ń mí kanlẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ pé mò ń mí kanlẹ̀. Wọn kì í gbọ́. Kí n tó dé orí koríko, ìka mi á ti kú tán.

Ní ọjọ́ kan, Bọ̀dá Poland kọ̀wé. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ni èyí. Ó ní òun gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ màmá àti ọ̀rọ̀ súẹ́tà tán kí òun tó rí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣé ẹ lè máa gbé nọ́ńbà nìkan síbẹ̀? Inú mi dùn, èmi tí mo ti ń wá olùrànlọ́wọ́. Mo kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé ọwọ́ bàbá mi ti kúrò lórí apá àga, wọ́n ti kó méjèèjì pọ̀ sáàrin itan.

“Ó tọ̀nà,” ni wọ́n wí. “Àsìkò ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń fi ṣòfò. Láti òní lọ, nọ́ńbà nìkan ni kó o máa kọ.”

“Shap, Dádì!” Bí a ṣe ń sọ pé ó dáa níbí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìdí. Mọ́mì ló máa ń wa èmi àti Dádì lọ sí òkìtì ní Sátidé, èmi ni mo máa ń fi fóònù ya fọ́tò. Òjò ọ̀sán Johannesburg ń rọ̀ dáadáa lákòókò yẹn, èyí tó máa ń bú ramúramù tí á sì dáwọ́ dúró bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Omi wà, oòrùn wà, koríko sì ń kú. Bàbá mi kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá ewé rẹ̀, ewé náà sì ń já sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò rí i dáadáa, àmọ́ wọ́n gbọ́ bó ṣe ń já.

A gbé fọ́tò sórí péèjì, a gbé nọ́ńbà sí i, mo tẹ ìbéèrè kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: kí ló ń pa á? Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí màmá, kò sí súẹ́tà. Ó mọ́ tónítóní. Ẹnikẹ́ni ò dá wa lóhùn.

Bí bàbá mi bá ti jí ní àárọ̀, kí wọ́n tó béèrè tíì, wọ́n á ní, “Ṣé wọ́n ti fèsì?”

“Wọn ò tíì fèsì, Dádì.”

“Bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ fún wọn.”

Àwọn tó ni ilẹ̀ ti pe Mọ́mì lórí fóònù láti sọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá wo ibẹ̀. Mo wá rí i pé mò ń ṣí péèjì náà lemọ́lemọ́ ju bí mo ṣe ń wá èsì ìdánwò mi lọ. Eish, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára láìjẹ́ kí n mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Dádì ń sùn, mo ní kí n lọ wo bí wọ́n ṣe máa ń béèrè nǹkan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń dá wọn lóhùn. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, mo ń yí péèjì náà padà sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí mo fi dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ nìyí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí mi ò mọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń wúkọ́. Dókítà ní eruku ni. Mo mọ ibi tí eruku náà ti ń wá. Ṣé ẹnì kan nínú yín mọ koríko tó lè hù lórí ilẹ̀ tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́?”

Àǹtí Chile ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní òun ò tíì mọ koríko náà. Ó ní, ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ náà?

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń béèrè mi. Ọdún lórí ọdún. Láàrin fọ́tò gbòǹgbò àti iye òjò, èmi rèé: ọmọ náà sùn dáadáa lánàá. Ọmọ náà ti ń gun kẹ̀kẹ́. Ọmọ náà ní ajá ló ti òun, mi ò tíì rí ajá náà. Ọmọ náà gba àmì tó burú nínú ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ? Ẹnì kan ní Indonesia sì fara balẹ̀, ó kọ bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé ìdá fún mi. Mo rántí àlàyé yẹn! Bàbá mi fi búrẹ́dì ṣe é fún mi, mo jẹ búrẹ́dì náà, mo sì gbàgbé ìdá.

Mo fẹ́ bínú, kí n má purọ́. Mo ní, gbogbo ayé ló lè kà á, kò sí ẹni tó tì í pa, èmi nìkan ni mi ò kà á rí. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bínú, mi ò rí i. Ojú ń ta mí. Mo sọ fún ara mi pé àlùbọ́sà ni, kò sì sí àlùbọ́sà kankan nílé lọ́jọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì ń din ẹyin lọ́wọ́, mo ṣí péèjì náà, mo rí ọ̀rọ̀ Àǹtí Chile. Mo kà á sókè, lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi ohùn rédíò kà á.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan? Ta ló ń kọ̀wé yìí? Ẹni tí mo mọ̀ kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn láì kí i. Kò béèrè màmá mi mọ́. Màmá mi ti kú. Mo ti ń dúró kó béèrè, kí n lè sọ fún un.”

Mọ́mì pa gáàsì. Bàbá mi dìde lórí àga, wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde, bíi pé àlejò wọlé tí wọn ò rí àga fún un.

“Háà, ìyá ti lọ,” ni wọ́n wí. “Kọ ọ́. Ṣé o ti wà níbẹ̀? Kọ ọ́ pé, ẹ kú ará fẹ́ra kù.”

“Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn lédè òyìnbó, Dádì?”

Wọ́n ronú. Mọ́mì náà sọ nǹkan kan, Dádì mi orí pé kì í ṣe òun. Mo ti ṣe mátíríìkì, mi ò pàdé ìbéèrè tó le tó ìyẹn níbẹ̀.

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́.”

Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé báyìí là ń kí ẹni tí àyè ẹnì kan ti ṣófo nílé rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ̀, pé Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, pé ṣé wọ́n rí ẹni dúró tì wọ́n, pé kí wọ́n rí i pé wọ́n jẹun. Mi ò mí kanlẹ̀. Nígbà tó parí, mo fi tèmi sí i láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: “Ọmọ wọn ló ń kọ̀wé yìí. Ojú ló ń dùn wọ́n, ó ti ń san. Àyà mi náà ti dáa.”

Kí ẹyin tó tutù, péèjì náà ti kún. Wọ́n ń kí Àǹtí Chile láti ibi gbogbo, wọ́n sì ń kí ojú bàbá mi. Àwọn kan ní àwọn rò pé inú ń bí wọn ni, nígbà tí àwọn rí nọ́ńbà lásán, ẹ̀rù sì ń ba àwọn láti sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Poland da ọ̀rọ̀ mi kọ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, “e ku ara feraku”, ó sì tẹ̀ lé e pé, “Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Súẹ́tà wà lọ́rùn mi.” Bàbá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà sí i.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ koríko wá dé. Bọ̀dá Poland kó gbogbo nọ́ńbà tí bàbá mi ti ń gbé síbẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó fi wọ́n wéra, ó sì rí i pé kì í ṣe ìgbà ọ̀dá ni omi ilẹ̀ náà ń kan jù, lẹ́yìn òjò ńlá ni. Bí Àǹtí Chile ṣe rí ìyẹn, ó ti mọ̀ ọ́n. Òkìtì tirẹ̀ náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní omi ń dúró sábẹ́ koríko, kò rí ọ̀nà lọ, tí oòrùn bá sì ti yọ, omi kíkan yẹn á gun òkè wá bá gbòǹgbò. Ó ní, ẹ gbẹ́ ọ̀nà tóóró fún un, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ó gbé fọ́tò koríko tirẹ̀ tó kú nígbà náà síwájú wa, ó sì pọ́n láti ìdí gẹ́lẹ́ bíi tiwa.

“Koríko tó kú,” ni bàbá mi wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Wá jí i.”

A lọ gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo gbé ṣọ́bìrì o, èmi tí mo ti ń dúró láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ mi bó, mo ké ju bó ṣe dùn mí lọ. Mọ́mì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé òkúta, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí wọ́n lọ gbé fíríìjì wá kí ara lè tù mí. Bàbá mi wọ awò dúdú bí olórin tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń fi ọ̀pá nàka sí ibi tí wọn ò rí.

Nígbà tí àwọn tó ni ilẹ̀ dé, apá kan koríko ti gbé orí, apá kan ti kú pátápátá. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn máa dúró di ìparí ìgbà òtútù. Tí atẹ́gùn oṣù kẹjọ bá fẹ́ tí koríko yìí ṣì di yẹ̀pẹ̀ mú, kí iṣẹ́ máa lọ. Tí kò bá dì í mú, ó parí nìyẹn.

Oṣù kẹjọ la wà yìí. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ìjẹta, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú bàbá mi ti mọ́ kedere, wọ́n ti ń fi ìka méjì tẹ kíbọ́ọ̀dù bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń pè mí pé kí n wá ka ohun tí Chile sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i. Èmi náà á sì jókòó, màá kà á. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ọmọ kékeré kan wúkọ́ nínú yàrá ní Troyeville, àwọn tí kò rí i rí jókòó káàkiri ayé, wọ́n ń wá koríko fún un, òun sì wà níbẹ̀ tó ń parọ́ mọ́ ajá.

Òní ni àwọn tó ni ilẹ̀ ń bọ̀. Ní àárọ̀ yìí, bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọn ò wọlé. Wọ́n ní ohun tí àwọn tó ni ilẹ̀ bá sọ fún wa níbẹ̀, kí n gbé e sórí péèjì bó ṣe rí gan-an. Tí koríko bá ti fò lọ, kí n ya fọ́tò ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

“Tí wọ́n bá wá lé wa ńkọ́, Dádì? Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ?”

“Kọ́kọ́ kí wọn ná,” ni wọ́n wí.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín nípa ojú wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àmọ́ Mọ́mì ti ń fọn fèrè mọ́tò níta, Dádì sì ń pè mí láti géètì pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé lórí bẹ́ẹ̀dì lo ti fẹ́ ya fọ́tò náà ni? Ó yá, ká lọ!”

Mò ń bọ̀, Dádì.